Ọwọ́ Òsì Tí Mo Kọ̀ ní Dakar

Èmi ni mo ṣe é. Kí n tó sọ̀rọ̀ òkun àti àgùntàn tó ń sùn lórí òrùlé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kúrò lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò ní Dakar, ìyá kan tó ti ń bọ́ mi láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí mi. Mo wo ọwọ́ náà, mo rí i pé ọwọ́ òsì ni. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo yà fún un, mo jáde lọ. Mi ò ní ó dàbọ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà sí Ikotun, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì máa ń bá mi bínú. "Ọwọ́ òsì kẹ̀?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní kí n lọ rò ó wò. Èmi náà ò rò ó.

Ìdí tí mo fi lọ

Aṣọ ni mò ń rán. Ní òpópónà kékeré kan lẹ́yìn ọjà Ikotun ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti gba ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá, wọ́n á fi fọ́tò bùbá Senegal hàn mí, èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ọnà sí láti ọrùn dé ìdodo. Tí mo bá gbìyànjú rẹ̀, ọnà náà á wọ́, aṣọ á súnkì bí ojú ẹni tó ń jẹ orógbó. Ọkùnrin tó ń ta òwú fún mi ní Akowonjo ló ní, "Dàpọ̀, lọ kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, jàre." Ó sì fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá kan tó mọ̀ ní Dakar.

Ìyá mi ò fẹ́. Ará Èkìtì ni, nílé wa ní Igando kò sí ohun tí kì í gbàdúrà lé lórí. Nígbà tó rí i pé mo ti pinnu, ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n má jẹun nílé ẹni tí mi ò mọ orírun rẹ̀. Ó tún ní kí n má sọ ọjọ́ tí mò ń lọ fún ẹnikẹ́ni, kí n má sì sọ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, torí ayé kì í fẹ́ ká lọ ká bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Alimosho mọ̀ pé kò sí ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí yín lè lọ sí Canada, ẹ ò ní mọ̀ àfi tí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀ nínú yìnyín. Báyìí náà ni mo ṣe lọ. Àwọn ará àdúgbò rò pé mo lọ kí bàbá mi àgbà ni.

Ọ̀nà náà jìn, mi ò ní fi ìyẹn dá yín lágara.

Iyanrìn

Òwúrọ̀ ni mo dé. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni òtútù. Mo ti rò pé kò síbi tí a lè dé ní ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ooru ò ní pa wá, àfi bí atẹ́gùn ṣe ń ti ojú òkun bọ̀ tó ń gún mi lára. Pikine ni wọ́n ń pe àdúgbò tí wọ́n mú mi lọ. Iyanrìn ni ọ̀nà ibẹ̀ látòkè délẹ̀, bíi ti Egan nígbà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí i, ilé sì fara ti ilé. Mò ń gbọ́ igbe àgùntàn, mi ò rí àgùntàn. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí wọn lórí òrùlé títẹ́jú, wọ́n ń wò mí bí onílé tó ń wo ayálégbé tuntun.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà fà mí lé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, Modou Njáì. Ẹgbẹ́ mi ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Gambia rí, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Yàrá kan ṣófo nílé ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló ní kí n máa gbé. Ìyá náà ń jẹ́ Àwá. Yaay Àwá ni gbogbo wa ń pè é, torí Yaay ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀.

Ó jókòó sórí ẹní ní àgbàlá, ó ń ṣa ìrẹsì nínú atẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni mo ṣe. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi àyà lu iyanrìn. Ni ariwo bá sọ. Atẹ ìrẹsì dànù. Ẹnì kan gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, ẹnì kan da omi sí mi lórí. Wọ́n rò pé wàrápá ni, àbí pé ebi ọ̀nà ló dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, tí iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ mi lójú, Modou dì mí mú léjìká, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́run nìkan la máa ń forí balẹ̀ fún níbí," ó ní. "Ìyá mi rò pé òkú ni mo mú wọlé."

Mo ṣàlàyé fún un, òun náà ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà wò mí pẹ́, ó ń mi orí, ó wá fi etí ìró rẹ̀ nù mí lójú. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan ojú mi láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Igando.

Àyè kan nídìí abọ́

Ìrẹsì àti ẹja ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, nínú abọ́ ńlá kan tó fẹ̀ bí agbada tí wọ́n fi ń yan gaàrí. Gbogbo ilé á yí i ká. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, Yaay Àwá pè mí. Mo ti mọ ohun tó ń sọ kí Modou tó túmọ̀ rẹ̀, torí ojú lèèyàn fi ń peni síbi oúnjẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹrí ba, mo ní, "Á gba ibi ire, mà."

Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò. Nílé wa, tí wọ́n bá ní "ẹ wá jẹun," ta ló ń wá? Ẹni tó pè wá ti ṣe ti ọmọlúwàbí, ẹni tí wọ́n pè náà á ṣe tirẹ̀, kò ní wá. Ọmọ tó bá lọ jókòó, ìyà ni yóò jẹ nígbà tó bá délé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìkìlọ̀ ìyá mi ṣì wà létí mi. Mo wọ yàrá lọ, mo jẹ búrẹ́dì gbọọrọ wọn pẹ̀lú kọfí tí wọ́n máa ń fi èèrù sè. Èèrù o, èyí tí àwa fi ń se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ tuntun. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń mu àgbo abiyamọ, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lágbàlá.

Bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Lójoojúmọ́ náà ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ kan mo fa kọ́tìnì díẹ̀, mo yọjú. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ yí abọ́ ká, àmọ́ láàárín Modou àti ìyá rẹ̀, àyè kan ṣófo, ó fẹ̀ tó ìdí èèyàn kan. Kò sí ẹni tó sún sí i. Wọ́n jẹun tán, ìrẹsì tó wà níwájú àyè náà ò dínkù. Mo jọ̀wọ́ kọ́tìnì. Ó ṣe mí bí ẹni tó ti kú tí wọ́n ń rántí.

Modou wá bá mi ní yàrá. Ó ní ìyá òun ń béèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ mí. Mo ní kò ṣẹ̀ mí.

"Kí ló dé tí o fi ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé oúnjẹ rẹ̀ ò dára?"

Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn wò mí. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sí àyè náà.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò kéré. Mò ń jẹ ìrẹsì lásán, mò ń dúró kí àgbà ilé pín ẹja bí wọ́n ti kọ́ wa, ìyá náà sì rò pé mi ò fẹ́ràn ẹja. Nígbà tó yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹja, ó ń jù ú síwájú mi. Mo nawọ́ kọjá síwájú Modou láti mú ẹ̀gẹ́, ó gbá mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́: iwájú ẹni ni oko ẹni. Nígbà tó yá, mo gbàgbé ara mi, mo fi ọwọ́ òsì kan etí abọ́. Gbogbo wọn dúró. Yaay Àwá mú ọwọ́ náà, ó gbé e lé mi lórí itan, ó sì lù ú pẹ́pẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń bá ọmọdé wí. Mo wá mọ̀ pé bí ọwọ́ òsì ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa ló rí lọ́dọ̀ wọn. Inú mi dùn pé ohun kan wà tí a jọ mọ̀.

Ẹni tó ń pè mí lólè

Torí mò ń jẹ nínú abọ́ wọn, wọ́n fún mi lórúkọ ìdílé wọn. Njáì ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè mí. Ọkùnrin kan wà tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Jóòbù lorúkọ ìdílé tirẹ̀. Òun ló máa ń se tíì fún wa nírọ̀lẹ́, nínú kẹ́tùlù kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fún mi, mo mu ún, ó korò bíi dóńgóyárò. Mo ní mo dúpẹ́, mo padà sídìí máṣíìnì mi. Wọ́n ní kí n padà jókòó. Ife mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dùn ju èyí tó ṣáájú lọ. Ẹni tó bá dìde lẹ́yìn àkọ́kọ́, ohun tó ń sọ ni pé òun ò fẹ́ kí ẹ mọ òun jù báyẹn lọ.

Ìgbà tí Jóòbù gbọ́ pé mo ti di Njáì, ìwà rẹ̀ yí padà. Ó nàka sí mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní olè ìrẹsì ni mí, ó ní ẹrú ilé bàbá òun ni gbogbo Njáì. Modou túmọ̀ rẹ̀ fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, mo dìde, mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú. Ẹ mọ̀ wá. Ẹni tí wọ́n bá pè lólè ní ọjà Ikotun, kó tó ṣàlàyé tán, táyà ti dé ọrùn rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Jóòbù gan-an ń rẹ́rìn-ín, ọrùn aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Modou ló là wá. Ó ní láti ayébáyé ni Njáì àti Jóòbù ti ń bú ara wọn báyẹn. Ẹni tí Jóòbù ò bá bú, kò tíì gbà á ní Njáì. Ó ní kí n bú u padà. Mo bú u ní Yorùbá, mo ní orí rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fún mi ní ife tíì tirẹ̀. Nígbà tí à ń lọ sílé, Modou sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní, "Njáì, tí ohun kan bá dùn ọ́ níbí, béèrè kí o tó bínú."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú

Kí ẹ má baà rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ẹnu Modou. Ìgbà tí ìtumọ̀ tèmi bá fi dé, wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ní Ikotun, èmi ni mo máa ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Ní Dakar, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí.

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. A kì í ṣiṣẹ́, Modou á lọ gbá bọ́ọ̀lù, èmi á lọ sí etí òkun, màá jókòó sórí àwókù ọkọ̀ apẹja kan, màá pe ìyá mi. Á béèrè bóyá mò ń jẹun. Màá ní mò ń jẹun dáadáa. Á ní ta ló ń se é. Màá ní èmi ni. Lẹ́yìn náà màá jókòó síbẹ̀, màá máa pe orúkọ àwọn ibi tí mo mọ̀ sẹ́nu, Egbeda, Ìdímù, Ìyànà Ipaja, bí ẹni tó ń pe ọkọ̀, kí ahọ́n mi má baà gbàgbé wọn.

Lọ́jọ́ kan ní ọjà Colobane, mo gbọ́ Yorùbá. Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń bú ẹnì kan nílé pé kò bomi rin ewébẹ̀ òun. Mo tẹ̀ lé e. Ó yà sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ, mo yà. Ó dúró níwájú oníbàtà, mo dúró. Mo kàn ń retí kó sọ fóònù kalẹ̀ kí n lè kí i ni. Nígbà tó fi máa yíjú, ó ti rọ̀ mọ́ báàgì rẹ̀ níkùn, ojú rẹ̀ ti le. Mo yára ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Ọ̀sán gangan ni. Ó ní, "Kú ìrọ̀lẹ́," ó sì wọ inú èrò lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé Dakar, ìyẹn ni Yorùbá kan ṣoṣo tí mo rí sọ lójú ẹni tó gbọ́ ọ, mo sì ṣi àkókò kí i.

Mo sọ ọ́ fún Modou nígbà tí mo délé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń kíni. Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá jí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á ní, "Ẹ kàárọ̀, Njáì," pẹ̀lú ohùn tó wọ́, bí ẹni tó ń kọrin. Mi ò tún un ṣe fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn ni mo fẹ́.

Ìdágbére

Nígbà tí iṣẹ́ náà ti yé mi, tí ọ̀gá ti ń gbé aṣọ ìyàwó lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣe ọnà sí i, mo mọ̀ pé ó tó kí n padà sílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọ̀gá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Mò ń di ẹrù mi díẹ̀díẹ̀, mò ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mò ń jẹ nínú abọ́ Yaay Àwá, mò ń rẹ́rìn-ín, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lápò mi. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ gan-an ni mo sọ fún Modou. Ó ń fọ ẹnu ní àgbàlá. Ó tutọ́, ó dúró.

"Lónìí?"

Mo ní lónìí.

"Nígbà tí a jọ ń mu tíì lánàá, o mọ̀?"

Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá náà tó lọ sókè. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n máa ń múra fún ẹni tó ń lọ ni. Àwọn àgbà á wá gbàdúrà fún un, wọ́n á dín nǹkan tó máa jẹ lọ́nà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á wá sọ ọ́. Èmi ti gba gbogbo ìyẹn mọ́ wọn lọ́wọ́. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rí i pé ojú wọn ti yí padà, mo sì sọ fún ara mi pé òótọ́ ni ìyá mi sọ, inú ayé kì í dùn sí ìrìn àjò ẹni.

Modou gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí mi. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni, mo na ọ̀tún tèmi. Kò gbà á. Ó mi orí, ó na òsì náà síwájú sí i. Ìgbà náà ni Yaay Àwá jáde, ó fi ọ̀tún di ìborùn rẹ̀ mú, òun náà na òsì. Ìyá tó gbé ọwọ́ òsì mi kúrò létí abọ́, tó mọ̀ dáadáa irú ọwọ́ tí ó jẹ́. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ bú ilé bàbá rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ òsì júwe rẹ̀. Mo ní ṣé torí pé mò ń lọ ni wọ́n ṣe máa fi èérí lé mi jáde? Mo gbé báàgì.

Modou pè mí, "Njáì." Ó tún pè mí. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí, "Dàpọ̀," èyí tí kò pè rí. Mo ti dé ìkòríta. Nínú ọkọ̀, mo dí nọ́ńbà rẹ̀ pa kó má lè pè mí mọ́.

Màmá Gowon

Iṣẹ́ dé dáadáa nígbà tí mo padà. Àwọn èèyàn ń ti Egbeda, ti Ipaja wá rán bùbá Senegal lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tó ń gbé ní Gowon Estate, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Gowon ni mò ń pè é. Bí mo ṣe ń wọn apá rẹ̀, ó ní ọnà yìí mú òun rántí Gambia, tí àṣà wọn bá ti Senegal mu, torí ìjọba ti rán òun lọ kọ́ni níbẹ̀ rí. Mo ní ẹ má dárúkọ àwọn èèyàn yẹn sí mi létí, mà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi bí mo ṣe máa ń sọ ọ́.

Kò bá mi bínú bí àwọn yòókù. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ṣé o gbà á?" ó ní.

"Kí n gba kí ni, mà? Mo bá tèmi lọ ni."

"Ó ṣe o. Dàpọ̀, jókòó."

Mo jókòó, téèpù ìwọ̀n aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi.

"Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ láti Gambia," ó ní, "gbogbo kíláàsì mi tò sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún mi ní ọwọ́ òsì. Mo sunkún. Mo rò pé wọ́n kórìíra mi látọjọ́ yìí ni. Ọ̀gá ilé ìwé ló là mí lọ́yẹ. Ọwọ́ òsì ò dáa lọ́dọ̀ wọn, bíi tiwa náà ni, ìdí tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Wọ́n ti ṣe ohun tí kò tọ́ sí ọ. Ó di dandan kí o padà wá, kí wọ́n fi ọ̀tún tún un ṣe. Ẹni tí wọn ò bá fẹ́ rí mọ́, wọn ò ní fún un."

"Tí èèyàn ò bá wá gbà á ńkọ́, mà?"

Ó nu gíláàsì rẹ̀ pẹ́.

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò rí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí."

Nígbà tó lọ tán, mi ò rántí ìwọ̀n apá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n. Mo wá ń ro bí Modou ṣe mi orí nígbà tí mo na ọ̀tún sí i. Mo ti rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ọ̀tún yẹn ni kò fẹ́, torí ẹni tí wọ́n bá fún ní ọ̀tún lọ́jọ́ yẹn, ó ti parí nìyẹn.

Fóònù

Mo ṣí nọ́ńbà Modou, mo pè é. Mo ti múra sílẹ̀ pé á bú mi. Ó ní, "Ẹ kàárọ̀, Njáì." Ohùn náà ṣì wọ́. Ó béèrè ìyá mi, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àlàáfíà ara mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí n tó rí àyè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo sọ ọ́. Mo ní mi ò mọ̀ ni. Mo ní ó ti ní kí n máa béèrè kí n tó bínú, mi ò béèrè.

"Èmi mọ̀ pé o ò mọ̀," ó ní. "Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Kò gbà. Ó ní ẹni tó fi ìrìn àjò rẹ̀ pamọ́ fún òun, tó tún kọ ọwọ́ òun, ó ti sọ fún òun pé kò ní padà wá mọ́."

Mo ní kó gbé fóònù fún un kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò sí nílé. Mauritania ni òun wà báyìí, níbi tí òun ti ń ránṣọ. Mo kí i kú iṣẹ́. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi ò jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi ń fọn fèrè. Ó ní láti ìgbà tí ọwọ́ òun ti padà lófìfo, òun ń bẹ̀rù láti nà án sí ọmọ tí òun bí."

Òun ló ń tù mí nínú. Ó ní kò sí nǹkan, ó ní àwọn àgbà ni wọ́n ń rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì fún mi ní nọ́ńbà ilé.

Ó pẹ́ kí n tó lè pè é. Nígbà tí mo pè é, Yaay Àwá fúnra rẹ̀ ló gbé e. Wolof, èdè wọn, díẹ̀ tí mo gbọ́ níbẹ̀ sá kúrò lórí mi, mo kàn ń sọ pé kó forí jì mí, kó forí jì mí. Mo ti kúnlẹ̀ sáàárín ègé aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan sì jókòó tó ń wò mí. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Njáì, ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Ó ní ta ló sè é. Mo ní ìyá mi ni, òótọ́ sì ni lọ́jọ́ yẹn. Mo wá ní mò ń padà bọ̀ wá kí i.

Ó ní, "Ọjọ́ wo?"

Mo ṣílẹ̀kùn ẹnu, mi ò rí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Ó dúró dè mí. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà fún mi, ó sì sọ fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àwọn èèyàn ní kí n fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Mo ti rán an, ó dé ọwọ́ rẹ̀, Modou ní ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún. Aṣọ nìyẹn. Ohun tí mo jẹ Yaay Àwá ni ọwọ́ òsì tí mi ò gbà, àti ọwọ́ ọ̀tún tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Mo sì jẹ Modou ní ọwọ́ ìyá rẹ̀, tí kò rí gbà kó tó lọ.